Àwọn Tó Ń Pe Orúkọ Ara Wọn

Ọdún tí ìjì ká òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó gbé páànù rẹ̀ lọ dà sínú oko ẹ̀gẹ́ Bàbá Díákónì, ọdún náà ni mo kúrò nílé. N kò mọ nọ́ńbà tí àwọn alákọ̀wé ń pe ọdún yẹn. Ìjì yẹn ni mo fi mọ̀ ọ́n, torí pé abẹ́ igi máńgòrò la ti ń ṣe ìsìn nígbà tí Àbẹ̀kẹ́, àkọ́bí mi, wá gbé mi. Agbègbè Òkè-Ògùn ni ìlú wa wà. Bàbá àwọn ọmọ mi ti kú ṣáájú ìgbà náà. Àbẹ̀kẹ́ bá èmi nìkan nílé, mò ń se ọbẹ̀ nínú ìkòkò kan tí kò ju ife ẹ̀kọ lọ. Ó wo ìkòkò yẹn títí.

Ó ní, "Màámi, ohun tí ẹ máa jẹ náà nìyí?"

Mo ní, "Ẹnu mélòó ló kù nílé?"

Ló bá bú sẹ́kún. Bí mo ṣe dé Ìbàdàn nìyẹn. Mo ní oṣù mẹ́ta ni n óò lò. Ọmọ Àbẹ̀kẹ́ tó ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ìwọ ọmọ yìí. Oṣù mẹ́ta ni mo sọ.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní Bódìjà ni ìdákẹ́jẹ́. Àwa ará Òkè-Ògùn rò pé ariwo ni ìlú ńlá. Òótọ́ ni, bí ẹ bá dé ọjà Bódìjà, etí yín á fẹ́rẹ̀ẹ́ di. Ṣùgbọ́n àdúgbò tí Àbẹ̀kẹ́ ń gbé, ògiri gíga ni, géètì ni, ajá ni. Òwúrọ̀ àkọ́kọ́ tí mo jí níbẹ̀, mo jáde síwájú géètì kí n lè kí àwọn aládùúgbò bí a ti ń ṣe nílé. N kò rí aládùúgbò. Obìnrin kan ṣáá ni mo rí tó ń sáré bọ̀, ó wọ ṣòkòtò, òógùn ti bò ó.

Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, kí ló ń lé ọ?"

Ó yọ nǹkan kan kúrò létí, ó ní, "Mo kàn ń na ara ni, Mà," ó sì tún ki eré mọ́lẹ̀.

Mo wọlé lọ sọ fún Àbẹ̀kẹ́ pé mo rí ẹnì kan tó ń sá, kò sì sí ohun tó ń lé e. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mò ń rò ó pé irú ibo ni ọmọ mi gbé mi wá.

Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ pé kò sẹ́ni tó mọ orúkọ mi ní gbogbo àdúgbò náà. Nílé, kí n tó bọ́jú tán, àwọn tó kọjá lẹ́nu ọ̀nà á ti pe oríkì mi. Ní Bódìjà, torí pé olùkọ́ yunifásítì ni Àbẹ̀kẹ́, Màmá Dókítà ni mí. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì, Màmá Dókítà. Obìnrin tó ń ta tòmátì, Màmá Dókítà. Kò burú, oyè ni. Ṣùgbọ́n ara mi ń wá ẹni tí yóò pè mí ní ohun tí ìyá mi fi pè mí. Nígbà míì n óò wọ bálùwẹ̀, n óò ti ilẹ̀kùn, n óò ki ara mi wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Kò dùn. Oríkì kì í dùn lẹ́nu ẹni tó ni ín.

Fóònù ni mo fi ń tan ara mi. Ìyá Sàláwù, ọ̀rẹ́ mi tí ilé wa kọjú síra, òun ni mo máa ń pè. Mo jù ú lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ju tèmi lọ.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni."

"Èmi ta? Ohùn ará Ìbàdàn ni mò ń gbọ́ yìí."

"Lọ jókòó síbẹ̀. Ilé ńkọ́?"

"Ilé wà. Wọ́n ní ẹ kì í dáná mọ́, pé ẹ kàn ń yí nǹkan ni, iná á sì ràn."

"Mò ń yí i. Aró ni àwọ̀ iná rẹ̀."

"Ẹ̀n! Kó má jó yín lójú o. Ewúrẹ́ yín ti bí. Méjì. Ọ̀kan funfun báláú."

Bó ṣe ń sọ ọ́, mo gbọ́ tí àkùkọ kan kọ lẹ́yìn rẹ̀. Mo mọ àkùkọ náà. Mo di fóònù mọ́ etí títí owó inú rẹ̀ fi tán.

Iṣẹ́ ló yọ mí. Yàrá kan wà lẹ́yìnkùlé Àbẹ̀kẹ́, níbẹ̀ ló ti ń ṣe jọ́nà rẹ̀. Jọ́nà kì í ṣe ìwé ìròyìn, èmi náà ti kọ́kọ́ rò bẹ́ẹ̀. Ìwé ni tí àwọn olùkọ́ yunifásítì ń kọ ohun tí wọ́n ṣèwádìí sí. Wọ́n á kó o wá, Àbẹ̀kẹ́ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á dá èyí tí kò dáa padà, wọ́n á sì gbé èyí tó dáa jáde. Orí kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kà á, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń tẹ díẹ̀ sórí pépà fún àwọn ilé ìwé tí iná kì í pẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ló wà nínú rẹ̀: bí a ṣe ń kọ́ ọmọdé, pàápàá ọmọ àwọn ìlú bíi tiwa, kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ìwé kà ní èdè tí ìyá wọn ń sọ kí wọ́n tó kan Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì ló dá a sílẹ̀, Àbẹ̀kẹ́ sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni gba ọmọ jòjòló.

Èmi ni mo ń dì í. N óò to ìwé náà jọ, n óò fi pépà wé e, n óò fi okùn dè é bí a ṣe ń de ẹrù tí yóò gun orí ọkọ̀ lọ sọ́nà jíjìn. Ọkùnrin tó ń gba ẹrù ní Dùgbẹ̀ ní láti ìgbà tí òun ti dé ibẹ̀, òun kò rí ìdì tó le tó tèmi. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dá lọ sí Dùgbẹ̀, Àbẹ̀kẹ́ kò sí nílé. Mo gbé ẹrù mi, mo dá takisí Mícrà kan dúró.

Awakọ̀ ní, "Ìyá, Dùgbẹ̀ lẹ̀ ń lọ?"

Mo ní, "Dùgbẹ̀ ni. Má gbé mi gba ibòmíì o, mo mọ̀nà dáadáa."

N kò mọ̀nà. Àdúrà ni mò ń gbà láti Bódìjà títí a fi dé. Nígbà tí mo padà délé, mo jókòó sórí àga pálọ̀, mo na ẹsẹ̀ méjèèjì bí ìyàwó Gómìnà. Ọjọ́ yẹn, mo rò pé ó lè jẹ́ ìlú mi náà nìyí.

Lọ́jọ́ kan tí mò ń dì í lọ́wọ́, mo bi Àbẹ̀kẹ́ pé, "Ta ló wá ń ka gbogbo èyí?"

Ó ní, "Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn, Màámi."

Ó jókòó tì mí, ó là á yé mi. Ó ní nínú iṣẹ́ àwọn, ẹni tó bá kọ ìwé gbọ́dọ̀ dárúkọ àwọn tó ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Mo ní ìyẹn yé mi, kò sọ́mọ tó ń pa òwe lójú àgbà tí kò ní kọ́kọ́ tọrọ ọ̀nà. Ó ní àwọn kan wà lókè òkun tó jẹ́ pé iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n máa ka iye ìgbà tí àwọn èèyàn dárúkọ jọ́nà kọ̀ọ̀kan. Èyí tí wọ́n bá ń dárúkọ, wọ́n á kà á mọ́ àwọn tó gbayì. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ, wọ́n á yọ ọ́. Yunifásítì náà sì ti sọ pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá wà nínú jọ́nà tí wọ́n yọ, àwọn kò ní fi gbé e ga.

"Tìrẹ ńkọ́?"

"Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa. Àwọn ará òkè òkun ní ọ̀rọ̀ ọmọ Òkè-Ògùn kò kan àwọn. Àwọn tiwa níbí, àwọn ará òkè òkun ni wọ́n ń dárúkọ, kí ayé lè mọ̀ pé wọ́n kàwé. Bí orúkọ wa kò bá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu èèyàn, Màámi, a ti tán nìyẹn."

Mo wo ìwé tó wà lórí ẹsẹ̀ mi. Ọ̀rọ̀ nípa àwa ló wà nínú rẹ̀, èmi kò lè kà á, àwọn tó lè kà á kò sì fẹ́ ẹ. Ó ṣe mí bí ẹni pé èmi àti ìwé náà la jọ wá ṣe àtìpó.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Àbẹ̀kẹ́ pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ sí pálọ̀. Mo se èkuru. Dókítà Àlàmú tó ń gbé ní Agbówó ló ṣáájú dé, ọkùnrin tí ikùn rẹ̀ máa ń wọlé ṣáájú rẹ̀. Òun ló dàgbà jù nínú wọn, ọmọ àgbẹ̀ bíi tiwa ni.

Ó bu èkuru sẹ́nu, ó ní, "Màámi, ẹ ò ṣe bí mi kún Dókítà yìí? Ẹ wo ohun tó ń jẹ lójoojúmọ́!"

Mo ní, "Jẹun, má sọ̀rọ̀, kó má há ọ lọ́fun."

Wọ́n sọ̀rọ̀ títí, ojú gbogbo wọn rẹ̀wẹ̀sì. Ìgbà tó yá, Àlàmú fọwọ́ nu ẹnu.

Ó ní, "Ẹ gbọ́ mi. Nílé wa, bí oko bá ju agbára ẹnì kan lọ, kí là ń ṣe? Ṣebí àáró ni. Lónìí, gbogbo wa á bá ọ ro tìrẹ. Lọ́la, a ó ro tèmi. Bí mo bá kọ̀wé, mà á dárúkọ ohun tí o kọ sínú jọ́nà wa. Bí ìwọ náà bá kọ̀wé, wàá dárúkọ tèmi. Ká tò ó létòlétò kó kárí. Kí ni ẹ̀bi wa tí ìyà fi ń jẹ wá?"

Àbẹ̀kẹ́ ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò ní dà bíi pé à ń gbé ara wa gẹṣin?"

"Èwo ni ẹṣin nínú ẹ̀? Ṣé irọ́ ni ohun tí a kọ? Àbí olè ni àáró? Màámi, ẹ gbà wá o! Ní Òkè-Ògùn, ṣé olè ni wọ́n ń pe àwọn tó ń ṣe àáró?"

Mo ní, "Ẹni tó bá jẹ nínú àáró tí kò wá san tirẹ̀ là ń pè lólè."

Gbogbo pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni mo sọ, n óò sì tún un sọ lónìí. Àáró ni wọ́n fi mọ ilé tí bàbá Àbẹ̀kẹ́ gbé mi wọ̀. Bó ṣe di pé wọ́n gbà nìyẹn.

Ó sì so èso. Kò tó ọdún kan tí orúkọ jọ́nà fi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Àbẹ̀kẹ́ á ṣí kọ̀ǹpútà, á pè mí, "Màámi, ẹ wá wò ó!" Àwọn olùkọ́ láti ìlú tí n kò gbọ́ rí bẹ̀rẹ̀ sí í fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ní yunifásítì, tiwa ni wọ́n ń kó tiwọn wá sí. Ìdì ń pọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo pe Ìyá Sàláwù.

"Wọ́n ti ń pe orúkọ ọmọ mi káàkiri."

"Wọ́n ń pè é fún kí ni?"

"Fún ìwé tó ń ṣe."

"Ṣé wọ́n á wá fi mọ́tò ta á lọ́rẹ?"

"Rárá. Wọ́n kàn ń pè é ni."

"Hẹ̀n-ẹ́n," ló wí. "Ẹ bá mi kí i kú iṣẹ́ náà."

Ọ̀sán ọjọ́ kan, mò ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ilẹ̀kùn kíṣìnì. Mo gbọ́ tí ọkọ̀ Àbẹ̀kẹ́ wọlé, mo gbọ́ tó pa á. N kò gbọ́ ilẹ̀kùn. Mo ṣa ẹ̀wà náà tán, síbẹ̀ n kò gbọ́ ilẹ̀kùn. Mo dìde lọ bá a. Ó jókòó sínú ọkọ̀, ó di ìdarí rẹ̀ mú bí ẹni tó ṣì ń wà á.

"Àbẹ̀kẹ́."

"Wọ́n ti yọ wá, Màámi."

"Àwọn wo?"

"Àwọn tó ń kà á. Wọ́n ní àwọn èèyàn kan náà ló ń pe ara wọn, pé orúkọ wa ń yípo láàárín wa bí ẹran tí wọ́n so mọ́ èèkàn. Wọ́n ní ẹ̀tàn ni."

"O ò sọ fún wọn pé àáró ni?"

Ó yíjú sí mi. N kò lè ṣàpèjúwe ojú yẹn fún ọmọ tó ń kọ ìwé yìí, ìyá rẹ̀ ni. Ó ní, "Ta ni n óò sọ ọ́ fún? Ẹ̀rọ ló ń kà á. Mo kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí wọn, ẹ̀rọ ló tún dá mi lóhùn."

Mo ti darúgbó kí n tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà láyé tí kò ní ojúlé. Níbi tí mo ti wá, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ní ẹni tí a ń kúnlẹ̀ fún. Bí ọmọ bá ba nǹkan jẹ́, ìyá á wé gèlè, á lọ bá àgbà ilé náà. Àgbà lè bú u. Ó lè jẹ́ kó pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ó máa ń wà nílé. Èmi mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀, ìyẹn kò gba kí n lọ sílé ìwé. Mo wá ń wá ilẹ̀ tí n óò kúnlẹ̀ sí kiri Ìbàdàn.

Mo yarí pé kí Àbẹ̀kẹ́ mú mi lọ bá bàbá tó dá jọ́nà náà sílẹ̀. Onírèké ló ń gbé, ilé tó dákẹ́ ju ti Bódìjà lọ. Bí a ṣe wọlé, mo kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì. Bàbá náà gbìyànjú láti fà mí dìde, agbára rẹ̀ kò gbé e, òun náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í di àga mú láti kúnlẹ̀ tì mí.

"Ìyá, ẹ dìde, ẹ má pa mí."

"Ẹ bá wa bẹ̀ wọ́n, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ wọ́n."

"N kò mọ̀ wọ́n. Mo ti kọ̀wé sí wọn. Èsì tó dé, wọn kò forúkọ èèyàn sí i. Ká ní ẹnì kan ni, bó ti wù kó jìnnà tó, pẹ̀lú ọjọ́ orí mi yìí, ǹ bá bá yín lọ."

Àbẹ̀kẹ́ kò tíì jókòó. Ó ní, "Bàbá, ṣé a ṣẹ̀?"

Bàbá rọra jókòó padà. Ó ní, "Ẹ ṣẹ̀ sí òfin wọn, ọmọ mi. Tipẹ́tipẹ́ ló sì wà nílẹ̀. Iṣẹ́ tó wà nínú jọ́nà yẹn dáa. Méjèèjì jẹ́ òótọ́, èkíní kò sì lè gba èkejì là."

Nígbà tí à ń padà bọ̀, a gba Dùgbẹ̀ kọjá. Mo rí ọkùnrin tó ń gba ẹrù lọ́wọ́ mi, ó juwọ́ sí wa. Mo juwọ́ padà. Kí ni ǹ bá ṣe?

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọbìnrin kan tó ń retí ìgbéga wá jókòó sí pálọ̀, kò sọ̀rọ̀ burúkú, ó kàn ń sunkún pé tiwa lòun kó gbogbo iṣẹ́ òun sí. Àwọn mìíràn kọ̀wé pé kí wọ́n dá tàwọn padà. Dókítà Àlàmú dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Àbẹ̀kẹ́, bó ti dàgbà tó, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀.

"Àbúrò mi, èmi ni mo gbé àáró wá."

"Ẹ dìde, Ẹ̀gbọ́n. Gbogbo wa la ro ó."

Mo gbé oúnjẹ fún un. Kò fọwọ́ kàn án.

Àwọn kan gba Àbẹ̀kẹ́ nímọ̀ràn pé kó dá òmíràn sílẹ̀, kó fi ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ abúlé sílẹ̀, kó máa gbé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà inú kíláàsì, pé ìyẹn làwọn ará òkè òkun ń dárúkọ. Ó wá bá mi ní yàrá ẹ̀yìnkùlé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Màámi, kí ni kí n ṣe?"

Láti kékeré rẹ̀, kò sí ìgbà tó bi mí ní nǹkan tí n kì í wá ìdáhùn fún un. Bí n kò bá tilẹ̀ mọ̀ ọ́n, n óò pa irọ́ kékeré kan, oorun á gbé e lọ. Lọ́jọ́ yẹn, n kò rí òótọ́ sọ, n kò rí irọ́ pa. Mo ní, "N kò mọ̀, ọmọ mi." Ó mi orí. A jókòó síbẹ̀.

Kò dá òmíràn sílẹ̀. Ó ní bí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yẹn, òun kò ní nǹkan tí òun fẹ́ gbé jáde. Ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ, ó ń bọ̀, ó ń jẹun díẹ̀. Ibi tó wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà yẹn ló wà títí di òní.

Nígbà ọdún Àjíǹde tó tẹ̀ lé e, mo lọ sílé. Wọ́n kí mi kú àbọ̀ bí wọ́n ṣe ń kí àlejò, wọ́n nu àga fún mi nínú ilé tí mo ti bímọ mẹ́ta. Àwọn ọmọ mi méjì yòókù wá, ọkùnrin ni àwọn méjèèjì. Àbẹ̀kẹ́ kò lè wá, ó ń máàkì ìdánwò. Wọ́n bú Àlàmú, wọ́n bú yunifásítì. Mo ní kí wọ́n má bú Àlàmú létí mi, pé oko tí wọ́n jẹ dàgbà, àwọn tí kì í ṣe ẹbí wa ló bá wa ro ó.

Èyí tó jẹ́ àbúrò nínú wọn wá ní, "Màámi, ẹ padà sílé wàyí. Jọ́nà ti kú, kò sí ìwé tí ẹ óò tún máa dì. Kí lẹ tún fẹ́ lọ ṣe ní Bódìjà?"

Mo ní, "N óò máa jókòó ti ẹ̀gbọ́n yín."

"Ìjókòó lásán?"

Mo ní, "Ìjókòó lásán ni. N kò rí nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ̀yin náà kò rí nǹkan ṣe sí i. Ìyẹn kọ́ ló ní ká wá fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Lọ bá mi wo ọkọ̀ tó máa kọ́kọ́ jáde lọ́la."